Àṣẹ Tí Kò Ti Ọwọ́ Oyè Wá

Kí ènìyàn di ipò mú jẹ́ ohun kan, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì tà létí àwọn tí ó ń darí jẹ́ ohun mìíràn. Ẹni tí ó di ipò mú lè fi ọlọ́pàá, kóòtù tàbí owó ìtanràn mú ará ìlú ṣe ohun tí ó fẹ́, ṣùgbọ́n agbára tí ó ń mú kí ènìyàn fi tinútinú tẹ̀lé ẹlòmíràn, àní nígbà tí ìyà wà nídìí títẹ̀lé náà, inú ìwà àti ète olórí ni ó ti ń jáde wá. Ète níhìn-ín ni iṣẹ́ kan pàtó tí olórí gbé síwájú, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ pé ìdí rẹ̀ ni ó fi ń ṣe wàhálà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ekukáká ni a fi lè rí ẹni tí ìtàn rẹ̀ fi èyí hàn kedere tó ti Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ti Abẹ́òkúta, ẹni tí ó mi ìlú Ẹ̀gbá tìtì láàárín ọdún 1946 sí 1949 láìsí ipò ìjọba kankan lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí a bá wo ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, kò jọ ẹni tí àwọn obìnrin ọjà yóò kà sí tiwọn. A bí i ní ọdún 1900. Ó wà lára àwọn ọmọbìnrin tí ó kọ́kọ́ wọ Abẹ́òkúta Grammar School ní 1914. Ó lọ kàwé sí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1919, ó sì padà dé ní 1922. Ẹgbẹ́ tí ó kọ́kọ́ kó jọ jẹ́ ti àwọn obìnrin tí ó kàwé, onígbàgbọ́ bíi tirẹ̀, tí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti oúnjẹ sísè jẹ wọ́n lógún. Nǹkan bí ọdún 1944 ni àwọn obìnrin ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, tí wọ́n ń fẹ́ mọ̀wé kà. Ìwé ni wọ́n wá kọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó jọ pé àwọn olùkọ́ ni ó kọ́ ẹ̀kọ́ jù, nítorí níbẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ń gbẹ́sẹ̀ lé ìrẹsì àwọn oníṣòwò lákòókò ogun. Ní 1946, wọ́n yí orúkọ ẹgbẹ́ náà padà sí Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, ẹnu ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó kàwé àti ẹni tí kò kà.

Olórí ẹgbẹ́ náà bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, ó di ìró àti bùbá. Ó sì ń fi èdè Yorùbá sọ̀rọ̀ ní gbangba, débi pé àwọn aláṣẹ òyìnbó ni yóò wá ògbufọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ ohun tí ó ń sọ. Ẹni tí ó bá ka èyí sí ọgbọ́n òṣèlú lásán kò ṣe àṣìṣe pátápátá, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti jọ̀wọ́ orúkọ Frances àti Abigail tí a sọ ọ́ tipẹ́tipẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó orí tó dé.

Owó orí yìí ni ète náà. Ìjọba amúnisìn ti sọ Aláké, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, di aláṣẹ ìbílẹ̀ kan ṣoṣo, èyí ni pé òun nìkan ni ìjọba ń bá sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ní ayé àtijọ́, ọba, Ògbóni àti àwọn olóyè yòókù ni wọ́n jọ ń pín agbára ìlú, tí àwọn obìnrin sì ní Ìyálóde. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ń san owó orí tiwọn lọ́tọ̀ sí ti ọkọ wọn, síbẹ̀ wọn kò ní ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ tí ń ná owó náà. Ohun tí ẹgbẹ́ béèrè kò ní kọ́lọ́fín kankan: kí a yọ owó orí kúrò lọ́rùn obìnrin, kí wọ́n sì ní ẹni tí yóò máa ṣojú wọn. Aṣáájú wọn kò ní kí ẹlòmíràn lọ forí ko ewu. Òun fúnra rẹ̀ kọ̀, kò san tirẹ̀, wọ́n sì gbé e dé kóòtù.

Ní ìparí oṣù kọkànlá 1947, nǹkan bí 10,000 obìnrin yí ààfin Aké ká, wọ́n kọrin, wọ́n sì sun ibẹ̀ mọ́jú. Nígbà tí ìjọba kò fún wọn láyè láti wọ́de, Fúnmiláyọ̀ ní kì í ṣe ìwọ́de, fàájì ni àwọn ń ṣe. Ó ti kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe fi aṣọ bo ojú àti imú bí ọlọ́pàá bá yin tajútajú, àti bí wọn yóò ṣe he agolo rẹ̀ nílẹ̀ kí wọ́n sọ ọ́ padà sí ẹni tí ó jù ú. Ohun tí olórí tí ó ń bá wọn jáde nìkan lè kọ́ ènìyàn nìyẹn. Ní 1948, ìjọba dá owó orí obìnrin dúró, àwọn obìnrin mẹ́rin sì wọ ìgbìmọ̀ fìdíhẹ. Àwọn olóyè náà kẹ̀yìn sí Aláké, ó kúrò nílùú, ó sì fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949.

Ṣùgbọ́n agbára tí a fi ìwà kó jọ kì í rọrùn láti gbé láti ibì kan dé ibòmíràn. Aláké padà sórí ìtẹ́ ní oṣù kejìlá 1950. Ní 1959, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC kò fa Fúnmiláyọ̀ kalẹ̀ fún ìdìbò, ó dá dúró fúnra rẹ̀, ó sì fìdí rẹmi. Èyí tí ó dunni jù ni ti 1951, nígbà tí ó díje fún ìjókòó nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn: ìdìbò náà jẹ́ ti ìpele-ìpele, òfin sì so ẹ̀tọ́ àtidìbò mọ́ owó orí sísan, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin tí ó gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ owó orí ni kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò fún un.