Ọmọ Ọdún Mélòó Ló Yẹ Kó Bẹ̀rẹ̀ Coding?

Bí ẹ bá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ fi etí sí fóònù yín, ọ̀rọ̀ tòní ò gùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Èkó. Ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 6, wà lọ́dọ̀ ìyá wa ní Àjàgbà, nílẹ̀ Ìkálẹ̀. Wọ́n ní kó san owó kíláàsì coding fún ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, kó sì ra láptọ́ọ̀pù. Ó ní, "Àbúrò, ṣé kí n san án? Mi ò fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ l'Ékòó ṣáájú rẹ̀ lọ." Owó oṣù méjì ni owó ọ̀hún. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún mi lọ́jọ́ méjì."

Kí ni coding gan-an? Kọ̀ǹpútà ò lè ro nǹkan fúnra rẹ̀. Bá a bá ṣe to àṣẹ fún un ló ṣe máa tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe púpurú á yé. A ó rẹ ẹ̀gẹ́ sómi títí á fi rọ̀, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó mọ ọ́n róbótó, a ó gbé e sókè iná kó gbẹ, ká tó ha ara rẹ̀ tó dúdú kúrò, ká gún un, ká sì sẹ́ ẹ. Bí ẹ bá fi ìkẹyìn ṣáájú, kì í ṣe púpurú mọ́. Títò yẹn ni coding.

Ọjọ́ orí wá ńkọ́? Láti ọdún 1967 ni Seymour Papert àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ l'Ámẹ́ríkà ti ṣe Logo fáwọn ọmọdé. Lọ́dún 2007, MIT gbé Scratch jáde fáwọn ọmọ ọdún 8 sí 16. Lọ́dún 2014, ScratchJr dé fáwọn ọmọ ọdún 5 sí 7. Àwòrán ni ti ScratchJr, ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà lè lò ó. Ẹ ò rí i pé mímọ̀wé kà wà lára ohun tó pààlà sáàárín àwọn méjèèjì?

Nítorí náà, ẹ má wo ọjọ́ orí nìkan. Ẹ wo nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́, bí ẹ bá rán an níṣẹ́ tó ní ìpele mẹ́ta, ṣé á ṣe é tẹ̀ léra? Èkejì, ṣé ó ti ń kàwé? Bí kò bá tíì ń kà á, èyí tó jẹ́ àwòrán ni tirẹ̀. Ẹ̀kẹta ló le jù: bó bá ṣàṣìṣe, ṣé á padà wá ibi tó ti ṣì í? Iṣẹ́ coding, wíwá àṣìṣe pọ̀ nínú rẹ̀.

Mo bẹ Màmá kí wọ́n bá a ta ayò. Ilé 12, ọmọ ayò 48. Ìgbà àkọ́kọ́ tó kà á ṣì, ó bú sẹ́kún, ó da gbogbo rẹ̀ nù. Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọpọ́n wá.

Mo wá pe ẹ̀gbọ́n mi padà: "Ẹ má tíì san án." Ọmọ náà ò pẹ́. Abisoye Ajayi-Akinfolarin, tí wọ́n bí l'Ákùúrẹ́, ní ìpínlẹ̀ wa yìí, ọmọbìnrin ọdún 10 sí 17 ló ń kọ́ ní coding l'Ékòó, títí kan àwọn ọmọ Mákòókò. Lọ́dún 2018, CNN fi í sára àwọn akọni 10 tí wọ́n yàn. Lọ́dún yẹn kan náà, ọmọbìnrin márùn-ún láti Onitsha gbégbá orókè nínú ìdíje Technovation l'Ámẹ́ríkà, pẹ̀lú áàpù tó ń dá ayédèrú oògùn mọ̀. Ọmọ girama ni wọ́n.

Láptọ́ọ̀pù náà lè dúró. Láti àwọn ọdún 1990 ni Tim Bell àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New Zealand ti ń fi eré àti káàdì kọ́ ọmọdé ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, láìsí kọ̀ǹpútà, láìsí iná. Ẹ̀gbọ́n mi sọ pé, "Ṣé o dá a lójú?" Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó máa ta ayò pẹ̀lú Màmá. Bó bá ti lè ṣì í, tó sì tún un kà láìsunkún, kí wọ́n wá táblẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lè yá, kí wọ́n gbé ScratchJr sí i. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ sanwó kíláàsì fọ́mọ rẹ̀. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.