Tọ́kunbọ̀ Tó Gba Windows Tuntun

Láàárín Windows àti káàdì tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, driver ni ògbufọ̀. Ẹ̀dà Windows tí wọ́n kọ ọ́ fún ló gbọ́ dáadáa. Bí ẹ̀dà mìíràn bá dé, ọ̀rọ̀ lè dàrú. Ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2007 tí Vista jáde: Microsoft yí ìlànà tí driver àwòrán ń tẹ̀ lé padà, ẹ̀rọ àwọn ènìyàn sì ń kú lójijì káàkiri ayé.

Kọ̀ǹpútà tọ́kunbọ̀, àlòkù láti òkè òkun, ni wàhálà yìí máa ń bá jù. Laptop tó bá ti Computer Village ní Ìkẹjà dé ìlú bíi Wásinmi lè ti pẹ́ lókè òkun. Ẹ wo èyí tó ní Intel HD Graphics 3000, ti ọdún 2011: Intel kò ṣe driver Windows 10 fún un. Bí wọ́n bá gbé Windows 10 sí i, ojú rẹ̀ lè máa ṣẹ́jú, kí lẹ́tà tóbi gbàgìdì, kí fídíò máa fà. Bí Device Manager, ibi tí Windows ń to àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sí, bá kọ “Microsoft Basic Display Adapter” síbi tí orúkọ káàdì yẹ kó wà, driver gbogboogbò ló ń ṣiṣẹ́, kò sì mọ agbára káàdì náà lò.

Ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó ṣe laptop tàbí káàdì ló yẹ kí wọ́n ti gba driver. Bí tuntun bá ba nǹkan jẹ́, “Roll Back Driver” nínú Device Manager lè dá ti àtijọ́ padà. Microsoft dáwọ́ ìtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró lọ́jọ́ 14, oṣù Kẹwàá, 2025. Windows 11 sì ń béèrè káàdì tó gba DirectX 12, ìlànà àwòrán Microsoft. Nítorí náà, kí oníbàárà yẹ káàdì wò kó tó sanwó.