Ta ló ń da ọ̀rọ̀ nù? Ṣíṣàlàyé ètò àfarawé orí kọ̀ǹpútà fún àwọn olùsọ èdè ní Ifangni

Èdè Faransé ni mo fi kọ́ iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. "Simuler" ni a máa ń sọ nílé ẹ̀kọ́ bí kọ̀ǹpútà bá ń ṣe bí ìlú tó kún fún ènìyàn. Ọ̀rọ̀ yẹn kan náà la ń lò fún ẹni tí ara rẹ̀ le tó ń ṣe bí aláìsàn. Nígbà tí mo fẹ́ ṣàlàyé ìwádìí mi fún àwọn ìyá tí mo gba ohùn wọn sílẹ̀ ní Ifangni, mo kọ́kọ́ ní kọ̀ǹpútà ń "díbọ́n". Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo ní ó ń "sọ àsọtẹ́lẹ̀". Èyí burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá ó ti rí i pé àwọn ọmọ wọn yóò pa Yorùbá tì. "Àfarawé" ni mo wá dúró lé, ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kò fi inú ètò hàn.

Naming Game ni ètò náà. Luc Steels ló gbé e jáde ní 1995. Andrea Baronchelli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ di ṣókí ní 2006. Ó ń wádìí bí àwọn ènìyàn tí ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ fún ṣe ń fẹnu kò lórí orúkọ kan. Mo mú ohun tó wọ́pọ̀ ní Igolo, ní ẹnubodè wa pẹ̀lú Nàìjíríà: alùpùpù akérò. Àwọn ará ọ̀hún ń pè é ní ọ̀kadà, orúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan. Àwa ń pè é ní zémidjan.

Mo gbé abọ́ fún ènìyàn mẹ́wàá. Ẹ̀wà dúró fún ọ̀kadà, àgbàdo fún zémidjan. Hóró kan ni olúkúlùkù fi bẹ̀rẹ̀. A yan ènìyàn méjì. Ẹnì kìn-ín-ní dijú, ó mú hóró kan nínú abọ́ rẹ̀, ó pe orúkọ rẹ̀. Bí ẹnì kejì kò bá ní irú rẹ̀, ó fi ọ̀kan kún tirẹ̀. Bí ó bá ní i, àwọn méjèèjì da irú kejì nù. A tún yan méjì mìíràn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí kọ̀ǹpútà fi ju wa lọ ni pé kì í rẹ̀ ẹ́.

Ẹnì kan béèrè bí kọ̀ǹpútà ṣe ń dijú. Kì í dijú. Ìṣirò ló ń ṣe. Ó mú nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ kan, ó ń yí i padà sí òmíràn tó dà bí èyí tí kò ní ètò. Bí mo bá fún un ní nọ́ńbà kan náà lọ́la, gbogbo ìpàdé yóò tún rí bákan náà gẹ́lẹ́. Nítorí náà, èsì ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀rí. (Kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń fi àwòrán kan péré gbèjà iṣẹ́ wọn gbọ́ o.)

Nígbà tí a dé ibi dída hóró nù, ìyá kan tó ń ta epo pupa di abọ́ rẹ̀ mú.

"Ọmọ mi, ta ló ń da ọ̀rọ̀ nù? Bí oníbàárà bá ti ọ̀hún wá, mo bá a pe ọ̀kadà. Bó bá lọ tán, zémidjan ni màá gùn relé."

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka òfin yẹn ní Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, n kò bi í léèrè rí. Ní 2007, Baronchelli, Dall'Asta, Barrat àti Loreto ti tú òfin náà: bí ẹni méjì bá fẹnu kò, wọ́n lè da ìyókù nù, wọ́n sì lè fi í sílẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti jẹ́ méjì, tí ẹnikẹ́ni sì lè pàdé ẹnikẹ́ni, bí dídànù kò bá tó ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta, ọ̀rọ̀ méjèèjì yóò jọ máa gbé. Mo ti rí bébà náà tẹ́lẹ̀. Mo rò pé kò kàn wá.

Ká ní mo sọ fún ìyá yẹn pé kọ̀ǹpútà "ń kẹ́kọ̀ọ́" tàbí "ń rántí", ṣe ni ìbá mi orí, a óò sì jọ máa bá àṣìṣe mi lọ. Irú ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀ ló ń dé abọ́ lórí.

A tún eré náà ṣe. Mo ká bébà mẹ́fà sínú fìlà, ọ̀kan péré ló ní àmì. Bí èyí bá jáde nìkan ni a ń da hóró nù. Ilẹ̀ ṣú, ẹ̀wà àti àgbàdo ṣì wà pọ̀ nínú abọ́ ìyá elépo.