Àgbáyun rè é o! Èso tó ń sọ ọsàn wẹ́wẹ́ di oyin lẹ́nu

Ó ti pẹ́ tí àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá ti mọ iṣẹ́ ọwọ́ àgbáyun. Èso pupa kékeré ni, kò ju orí ìka lọ, òun fúnra rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lá a dáadáa, tó wá fi ọsàn wẹ́wẹ́ tẹ̀ lé e, yóò rò pé oyin ni wọ́n bù sí òun lẹ́nu ni. Kódà, ẹmu tó ti kan gógó yóò di aládùn. Ó sì lè tó wákàtí kan kí ó tó kúrò lẹ́nu.

Ṣé ọsàn ló yí padà ni àbí ahọ́n?

Ọsàn ò yí padà rárá o, bó ṣe kan náà ló ṣì kan. Lọ́dún 1968 ni Kenzo Kurihara àti Lloyd Beidler yọ èròjà inú àgbáyun jáde, miraculin ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó di 2011, àwọn onímọ̀ sáyẹ́nsì ní Japan tú àṣírí rẹ̀. Orí ahọ́n ní àwọn aṣọ́bodè tiẹ̀: ti adùn wà, ti ìkan wà, ti ìkorò wà, ti iyọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ni ti adùn ẹran náà wà. Ohun tí wọ́n rí ni pé aṣọ́bodè adùn ni miraculin máa ń so mọ́, tí yóò rọra jókòó síbẹ̀. Àmọ́ bí nǹkan kíkan bá fi kàn án, ó parí! Kíá ni yóò ta aṣọ́bodè náà jí, tóun náà yóò sì figbe ta pé adùn ti wọlé. Iṣan ló ń gbé ìròyìn yìí dé ọpọlọ. Ọpọlọ kò kúkú rí ọsàn, ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló ń gbà gbọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré o. Adùn ló ń sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ agbára dé, ìkorò sì ń kìlọ̀ pé ó lè jẹ́ májèlé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ kì í fi í lè jẹun: oògùn náà ti da iṣẹ́ ahọ́n rú, ìrẹsì lásán á máa rùn bí irin lẹ́nu wọn, ni wọ́n á bá máa rù. Àwọn dókítà kan l'Amẹ́ríkà ti fún ìwọ̀nba aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní àgbáyun, oúnjẹ sì tún dùn lẹ́nu àwọn kan.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àgbáyun ń wo jẹjẹrẹ o. Kí ẹ má sì torí rẹ̀ mu omi ọsàn wẹ́wẹ́ ní ìmukúmu. Ahọ́n nìkan ló lè tàn jẹ. Eyín àti ikùn mọ̀ pé nǹkan kíkan ni.