Ta ni yóò là á yé adájọ́? Iṣẹ́ ẹlẹ́rìí onímọ̀ nínú ẹjọ́ Centripetal àti Cisco

Bí ẹni méjì bá ń jà sí ilẹ̀ ní Kétu tàbí ní Ṣàbẹ́ẹ, àwọn àgbà á pe ẹni tó mọ ààlà, gbogbo wọn á jọ rìn dé ìdí igi tàbí etí odò tó pín ilẹ̀ náà. Ẹni tó ń dájọ́ á fojú ara rẹ̀ rí i. Ṣùgbọ́n bí ìjà bá wá jẹ́ lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àpótí irin kan tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gba inú rẹ̀ kọjá ńkọ́? Ta ni yóò mú adájọ́ rìn dé ààlà yẹn? Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn lónìí nìyẹn. Ẹjọ́ ńlá kan tó wáyé ní Amẹ́ríkà la ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Kí ni wọ́n ń jà lé lórí?

Centripetal jẹ́ ilé iṣẹ́ kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Virginia. Ọdún 2009 ni wọ́n dá a sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa dáàbò bo ìsopọ̀ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì. Cisco ní tirẹ̀, òmìrán ni: ẹ̀rọ rẹ̀ wà ní báńkì, ní yunifásítì, ní ilé iṣẹ́ ìjọba káàkiri ayé. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, Centripetal pe Cisco lẹ́jọ́. Ó ní Cisco ti fi ìhùmọ̀ òun sínú àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ láìgbàṣẹ, bẹ́ẹ̀ òun ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ìyẹn ìwé tí gbogbo wa mọ̀ sí brevet lédè Faransé. Cisco ní kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí ẹ̀rọ òun ń gbà ṣiṣẹ́ yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká là á díẹ̀. Bí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí fóònù, fọ́tò náà kì í lọ lódidi. Ẹ̀rọ á gé e sí ẹrù kéékèèké, a sì kọ ibi tí ẹrù kọ̀ọ̀kan ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ sára rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tí Cisco ń tà dà bí aṣọ́bodè Ìgòlò: wọ́n ń yẹ ẹrù wò, wọ́n ní ìwé òfin lọ́wọ́ tó sọ èyí tó lè kọjá àti èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ dá dúró. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé ẹ̀tọ́ Centripetal dá lórí ìgbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ ìwé òfin náà nígbà tí ẹrù ṣì ń rọ́ wọlé. Kí ni aṣọ́bodè á ṣe? Ìhùmọ̀ wọn ni pé kí ẹ̀rọ dá ẹrù dúró fún ìṣẹ́jú àáyá, kó tọ́jú wọn sápá kan, kó gba ìwé òfin tuntun, kó tó wá fi ti tuntun yẹn yẹ̀ wọ́n wò.

Ìbéèrè ilé ẹjọ́ wá kúrú: ṣé ohun tí ẹ̀rọ Cisco ń ṣe nìyẹn, àbí òmíràn? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà àṣẹ tí àwọn ẹlẹ́rọ kọ fún ẹ̀rọ náà. Adájọ́ kò lè kà á. Agbẹjọ́rò náà kò lè kà á. Ibẹ̀ ni ẹlẹ́rìí onímọ̀ ti wọlé.

Iṣẹ́ tó ń ṣe

Ẹlẹ́rìí lásán, ohun tó rí tàbí tó gbọ́ ló ń sọ. Ẹlẹ́rìí onímọ̀ yàtọ̀: òfin gbà á láyè láti sọ èrò rẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ tó kọ́ tàbí iṣẹ́ tó ti pẹ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò yẹn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àfẹnusọ.

Ní ìparí gbogbo brevet, àwọn gbólóhùn kan wà tí wọ́n fi nọ́ńbà sí. Àwọn ló ń sọ ibi tí ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Àwọn gan-an ni igi ààlà. Ẹlẹ́rìí onímọ̀ á gé gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́, á sì wá apá kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀rọ. Bí gbólóhùn bá ní apá márùn-ún, tó rí mẹ́rin, tí ìkarùn-ún tàbí ohun tó bá a dọ́gba kò sí níbẹ̀, ẹjọ́ ti tán. Mẹ́rin nínú márùn-ún kò tó.

Níbo ló ti ń wá a? Nínú irú ẹjọ́ báyìí, inú yàrá títì ni wọ́n sábà máa ń gbé àwọn ìlà àṣẹ ilé iṣẹ́ náà sí, lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, kí àṣírí má bàa jò. Á tún ka ìwé ìtọ́ni ẹ̀rọ náà, á ka ohun tí àwọn ẹlẹ́rọ sọ lábẹ́ ìbúra. Lẹ́yìn náà á kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹlẹ́rìí onímọ̀ apá kejì náà á kọ tirẹ̀ láti ta kò ó, agbẹjọ́rò á sì wá fi ìbéèrè gbo àwọn méjèèjì níwájú adájọ́.

Ohun kan wà tó máa ń ya àwọn ará wa lẹ́nu: ní Amẹ́ríkà, olúkúlùkù ló ń wá onímọ̀ tirẹ̀, òun náà ló ń san owó rẹ̀. Wákàtí tí onímọ̀ bá fi ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń san owó lé lórí, owó náà kò gbọ́dọ̀ so mọ́ bóyá wọ́n borí tàbí wọn ò borí. Síbẹ̀, àwọn baba wa sọ pé òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra irọ́. Nítorí ẹ̀rù yìí ni ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ ṣe sọ ní ọdún 1993, nínú ẹjọ́ Daubert, pé adájọ́ fúnra rẹ̀ ni kó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kó béèrè pé: ṣé a lè dán ọ̀nà tí onímọ̀ yìí gbà wò? Ṣé àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò? Báwo ló ṣe máa ń ṣàṣìṣe sí?

Bí ẹjọ́ náà ṣe lọ

Oṣù Karùn-ún ọdún 2020 ni ìgbẹ́jọ́ bẹ̀rẹ̀, nígbà àrùn kòrónà. Orí Zoom ni wọ́n ti ṣe é, fún ọjọ́ 22, adájọ́ kan ṣoṣo, Henry Morgan, ló sì ń gbọ́ ọ. Àwọn onímọ̀ wá, pẹ̀lú àwòrán rẹpẹtẹ. Tí tibí bá ní funfun ni, tọ̀hún á ní dúdú ni.

Kí ni adájọ́ ṣe? Ó gbé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ka iwájú ìwé tí Cisco fúnra rẹ̀ ti kọ nípa ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ tí Cisco gbà síṣẹ́ ta ko ìwé Cisco, ó tún ta ko ohun tí àwọn ẹlẹ́rọ Cisco sọ. Lójú rẹ̀, ìwé tí a kọ kí ìjà tó dé wúwo ju àwòrán tí a yà nítorí ìjà lọ. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ó dá Cisco lẹ́bi lórí mẹ́rin nínú ìwé ẹ̀tọ́ márùn-ún. Ó ka owó náà sí mílíọ̀nù 755.8 dọ́là, ó sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì àbọ̀ nítorí ó ní wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 1.9 dọ́là.

Ẹ dúró ná, kò tíì tán. Kí ìdájọ́ náà tó jáde, adájọ́ rí i pé ìyàwó òun ní ìpín okòwò 100 nínú Cisco. Owó rẹ̀ kò pé 5,000 dọ́là. Ó sọ fún apá méjèèjì, ó ní òun ti kọ púpọ̀ nínú ìdájọ́ náà kí òun tó mọ̀. Dípò kí wọ́n ta ìpín náà, wọ́n fi í sábẹ́ àbójútó ẹlòmíràn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ìyẹn ò tó. Wọ́n fagi lé ìdájọ́ náà, wọ́n ní kí adájọ́ mìíràn gbà á. Adájọ́ Elizabeth Hanes ka àkọsílẹ̀ ẹjọ́ náà, ó tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ó ní Cisco kò tẹ ẹ̀tọ́ Centripetal lójú rárá.

Ẹ ò rí nǹkan! Ẹ̀rọ kan náà, gbólóhùn kan náà, adájọ́ méjì, ìdájọ́ méjì. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé onímọ̀ kì í dájọ́. Ó ń kọ́ ẹni tó ń dájọ́ ni. Bí ẹ̀kọ́ náà kò bá wọlé, tàbí tí olùgbọ́ rí ihò nínú rẹ̀, gbogbo òye onímọ̀ á dàbí omi tí a dà sórí àpáta.

Àwa ńkọ́?

Ní ilẹ̀ Faransé àti láwọn orílẹ̀-èdè tó gba òfin lọ́wọ́ wọn, bíi tiwa, adájọ́ ló sábà máa ń yan onímọ̀, ẹni tí a ń pè ní expert judiciaire. Á búra, á gbọ́ tẹnu apá méjèèjì, á kọ ìwé èsì rẹ̀, ṣùgbọ́n adájọ́ kò fi dandan tẹ̀ lé e. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kì í ṣe ẹni tó gba owó lọ́wọ́ apá kan. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ẹnì kan ṣoṣo yẹn bá ṣìnà, ó lè má sí ẹni tí yóò tètè rí i.

Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà lára orílẹ̀-èdè 17 tó wà nínú OAPI, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Yaoundé, lábẹ́ àdéhùn Bangui ọdún 1977. Brevet kan ṣoṣo tí ọmọ Àjàṣẹ́ bá gbà níbẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo wọn, fún ogún ọdún. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń hùmọ̀ nǹkan, ẹ máa kọ iṣẹ́ yín sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Ìwé tó ti wà kí ìjà tó dé ni ẹlẹ́rìí tí kì í gbàgbé.

Àwa olùkọ́ náà ní ìpín tiwa. A máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lọ́dọ̀ wa pé: ṣàlàyé fún ìyá àgbà rẹ, ní Yorùbá, bí ọ̀rọ̀ orí fóònù ṣe ń ti Kétu dé Lómẹ́. Bí ó bá yé màmá, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹni méjì, tí kò sì yé e, kò tíì kúrò nínú ewu yẹn.