IṢẸ́ ARÓ NÍ Ẹ̀HÌNKÙLÉ: Ọ̀RỌ̀ FÚN ÀWỌN ÌYÁ ILÉ

Àwọn ìyá ilé kì í yé bi wá léèrè irú iṣẹ́ tí obìnrin lè fi ọwọ́ mú láìfi ọmọ sílẹ̀ lọ sí ọjà lójojúmọ́. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀: ọṣẹ sísè, aṣọ rírán, búrẹ́dì yíyan. Ṣùgbọ́n ti aró ni àwa yíò sọ lónìí, nítorítí àìmọye ọmọ Ẹ̀gbá ni ó jẹ pé owó àdìrẹ ni ìyá wọn fi rán wọn lọ sí ilé-ìwé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ẹ̀hìn díẹ̀. Láàrín ọdún 1920 sí 1930, àwọn oníṣòwò láti Senegal pàápàá ńwá sí Abẹ́òkúta láti ra àdìrẹ. Àwọn ìyá wa ńgba aṣọ funfun láwìn lọ́wọ́ ilé ìṣòwò àwọn òyìnbó, nwọ́n ńpa á láró nílé, nwọ́n sì ńsan gbèsè bí ọjà bá tà. Nígbàtí ọjà bàjẹ́ ní gbogbo aiyé lẹ́hìn ọdún 1929, aṣọ kò tà mọ́, ṣùgbọ́n gbèsè kò lọ. Púpọ̀ nínú wọn kò gbádùn ilé wọn mọ́ nítorí àwọn asìngbà owó.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò ju agbára ẹni tí ó bá ní sùúrù lọ. Bí ó bá jẹ́ àdìrẹ oníko, a ó fi ìko so aṣọ tàbí kí a fi abẹ́rẹ́ rán an. Bí ó bá jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, a ó fi láfún àti álọ́ọ̀mù se ẹ̀kọ, a ó sì fi ìyẹ́ adìẹ kọ ọ́ sí ojú kan aṣọ. Ọ̀pá 5 ni a ńgé sí méjì ọgbọọgba, tí a sì ńrán pọ̀ di ìró kan. Nínú àwọn iṣẹ́ ọnà tí a mọ̀ jùlọ ni Ìbàdàndùn, tí òpó gbọ̀ngàn Màpó tí a ṣí ní 1929 wà lára rẹ̀. Ewé elú ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ aró: a ńgún un ní tútù, a ńdi í ní ìṣù, a ńsá a gbẹ, kí a tó rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbàtí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ni yíò ní. Bí afẹ́fẹ́ ti ńfẹ́ sí i ni yíò máa di aró. Ẹni tí kò mọ èyí a máa rò pé iṣẹ́ ti bàjẹ́, a sì da aró dáradára nù.

Lóde òní, aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì sódà ni ọ̀pọ̀ ènìà ńlò. Ọ̀ràn wọn ti dá ìjà sílẹ̀ rí: Aláké Adémọ́lá Kejì fi òfin dè wọ́n, àwọn aláró fi ẹ̀hónú hàn, ìgbìmọ̀ ìwádìí sì jókòó lórí rẹ̀ ní 1936. Àwa kò bá ẹni tí ńlò wọ́n jà. Ohun tí a ńbẹ̀bẹ̀ fún ni pé sódà máa ńjó ẹran ara. Inú omi ni kí ẹ máa da sódà sí. Ẹ má ṣe da omi lé sódà lórí láé. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹ má ṣe tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí ife, nítorí ọmọ tí òùngbẹ ńgbẹ kì í béèrè kí ó tó mu. Ọ̀nà ọ̀fun tí sódà bá jó kì í tún padà bọ̀ sípò bọ̀rọ̀. Ẹ tì í mọ́ inú àpótí. Omi aró tí a bá sì dànù, kí ó jìnnà sí kànga, ti ara wa àti ti aládùúgbò.

Nísisìyí ó di ọ̀ràn owó, ibi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ńṣubú sí. Ká fi ṣe àpẹrẹ pé ìnáwó lórí aṣọ 10, àti igi ìdáná àti owó ọmọ iṣẹ́, jẹ́ ₦60,000. Ẹyọ kan ti jẹ ₦6,000 kí a tó sọ èrè. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, mẹ́sàn-án tí ó kù ni yíò ru ẹrù rẹ̀, ó sì di ₦6,667 fún ẹyọ kan. Ìwé kékeré kan àti àpò ọ̀tọ̀ fún owó iṣẹ́ tó. Ẹ̀nyin baálé, ẹ jọ̀wọ́, owó inú àpò yẹn kì í ṣe owó ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ni kì í ṣe owó ìnáwó àna yín.

Àwọn tí ó mú aṣọ fún ìkórè, tí nwọ́n ní àwọn yíò san lẹ́hìn ìkórè, ìkórè ọdún tí ńbọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ní lọ́kàn. Kí ẹni tí ó ní kí a ṣe aṣọ fún òun san ìdajì kí a tó gé aṣọ. Bí ó bá bínú lọ, aṣọ funfun yín ṣì wà nílẹ̀.

Aṣọ ẹ̀rọ láti China tí a tẹ àwòrán àdìrẹ sí ti pọ̀ ní ọjà, ní Ìtòkú pàápàá, ó sì dínwó ju tiyín lọ. Ẹ má ṣe bá a díje lórí owó. Ẹ yí ẹ̀hìn aṣọ hàn oníbàárà: ti ẹ̀rọ a máa ṣì lẹ́hìn, ti ẹlẹ́kọ a ti mu aró tán.

Kí ẹni tí ńbẹ̀rẹ̀ fi aṣọ bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin bẹ̀rẹ̀, kí ó sì jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbàtí aṣọ yíò lè gbẹ lórí okùn ní ọjọ́ kan kí a tó tún tì í bọ inú aró.