Omi Dídì Yọ́, Ìwọ̀n Rẹ̀ Ò Yẹ̀

Mo da omi dídì sínú ìgò, mo dé e pinpin, mo gbé e sórí òṣùwọ̀n níwájú kíláàsì: gíráàmù 250. Mo ní, "Tó bá yọ́ ńkọ́?" Ọ̀pọ̀ ní yóò fúyẹ́.

Ìgbà tó yọ́ tán, òṣùwọ̀n sọ 252. Ariwo ta: "Tíṣà, ó wúwo sí i!" Mo ní kí ọmọ kan fọwọ́ kan ìgò náà. Ó ń làágùn! Omi inú afẹ́fẹ́ ló ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. A fi aṣọ nù ún gbẹ, 250 padà dé.

Yíyọ́ kì í bu nǹkan kúrò, kì í fi kún un. Àyè tó gbà nìkan ló dín: omi dídì fi nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 gbàyè ju omi lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń léfòó.